Ẹ Má Jẹ́ Kí Aago Nìkan Darí Ìléru: Bí A Ṣe Ń Kọ Ètò Ìgbóná àti Gáàsì Sínú Kọ̀ntírólà

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn oníṣẹ́ irin, àwọn oníṣẹ́ iná àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń gé jíà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ gàrí, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti LAUTECH wá. Ọ̀rọ̀ òní kò jìnnà sí ohun tí alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe nílẹ̀ yìí láti ayébáyé. Alágbẹ̀dẹ a máa wo àwọ̀ irin nínú iná, a máa fi ẹwìrì fẹ́ ẹ sí i, a sì máa dẹwọ́ nígbà tó bá yẹ. Ojú rẹ̀ ló fi ń wọn ìgbóná. Èédú tó kó yí irin ká ló ń gbà á lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ kékeré tí ń ka ìgbóná ìléru tó sì ń darí rẹ̀, ti gba iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ṣe, ṣùgbọ́n kò gba làákàyè rẹ̀. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó ń yọ irin nínú iná torí pé agogo mẹ́ta lù. Ó ń yọ ọ́ torí pé irin ti pọ́n tó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ètò tí à ń kọ sínú kọ̀ntírólà, aago nìkan ló ń tì í síwájú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni ewu ti ń wọlé. Ohun tí a ó máa lù lójú kan náà títí a ó fi túká nìyí: kí ìpele kan tó kọjá sí èkejì, kí ìléru kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò lókè, ẹ jẹ́ ká mú ìléru kan bí àpẹẹrẹ. Iná mànàmáná ló ń mú un gbóná, fáànù kan sì ń ro gáàsì pọ̀ nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó ga ní 60, ó jìn ní 100. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ lítà 360. Jíà kéékèèké fún ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ la fẹ́ fi sí i. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú irin wọn kò ju 0.2% lọ, nítorí náà kò lè le dáadáa bí a tilẹ̀ rì í sínú epo. A fẹ́ kí ara jíà gba kábọ́ọ̀nù dé nǹkan bíi mílímítà 1.2, kí inú rẹ̀ sì wà bó ṣe wà kí eyín má baà kán. Ìgbóná 920°C la ó lò, gáàsì tí a ó lò sì ni náítírójìn pẹ̀lú mẹ́tánọ́ọ̀lù, nítorí pé ẹni tí kò ní páìpù gáàsì ládùúgbò lè ra méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ jẹ́ ká béèrè pé ta ni ń sọ ìgbóná fún kọ̀ntírólà. Tẹmokọ́pù ni, ìyẹn wáyà irin oríṣi méjì tí a so pọ̀ lórí, tí ń mú iná kékeré wá bí orí náà bá gbóná. Kọ̀ntírólà kò mọ ìgbóná rárá. Mílífóòtì, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì iná, ló ń kà, ó sì ń wo tábìlì tí a ní kó wò. Ní 1000°C, tẹmokọ́pù irú K ń mú nǹkan bíi mílífóòtì 41.3 wá, nígbà tí irú S ń mú 9.6 péré wá. Bí ẹnìkan bá fi S sínú ìléru tó wá gbàgbé K sínú kọ̀ntírólà, ìléru yóò wà ní 1000°C, kọ̀ntírólà yóò sì máa kà á sí 236°C. Yóò máa ti iná sí i títí ohun kan yóò fi yọ́. Àṣìṣe lẹ́tà kan péré nìyẹn.

Wáyà tó so tẹmokọ́pù mọ́ páànẹ́ẹ̀lì náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wáyà tí a ṣe fún irú tẹmokọ́pù yẹn gan-an ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi wáyà kọ́pà lásán rọ́pò rẹ̀, tí orí tẹmokọ́pù wà ní 70°C, tí páànẹ́ẹ̀lì sì wà ní 30°C, ìgbóná 40 dígírì ti sọnù lójú ọ̀nà. Ìléru yóò gbóná ju ohun tí ẹ kọ lọ ní nǹkan bí iye yẹn, kò sì sí ààmì kankan tí yóò sọ fún yín. Àwọ̀ wáyà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé pátápátá, torí pé àwọ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù: pupa ni ẹsẹ̀ òdì lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, funfun ni lọ́dọ̀ Yúróòpù. Fún irú K, ẹ gbé òòfà kékeré dání. Ẹsẹ̀ òdì ni òòfà máa ń fà. Bí a bá gbé e sódì, bí ìléru ṣe ń gbóná ni nọ́ńbà yóò máa wálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ibi tí kọ̀ntírólà ti ń béèrè ohun tí yóò ṣe bí tẹmokọ́pù bá já. Ẹ yan pé kí nọ́ńbà fò sókè kí iná sì kú. Bó bá fò sísàlẹ̀, kọ̀ntírólà yóò rò pé ìléru tutù ni, yóò sì ṣí iná gbayawu. Ohun kejì ni ẹ̀ṣọ́ àtòkèwá: kọ̀ntírólà kékeré mìíràn tó ní tẹmokọ́pù tirẹ̀ àti kọntákítọ̀ tirẹ̀ (swíìṣì ńlá tí ń tan iná ìléru tó sì ń pa á), tí a gbé sí 960°C nínú àpẹẹrẹ wa, tí yóò gé iná, tí kò sì ní dá padà àfi tí èèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ kọ̀ntírólà àkọ́kọ́ láti dín owó kù. Ìdí rẹ̀ rèé: bí ohun tó ń tan iná bá jẹ́ kọntákítọ̀, àkókò ìtàn-àti-pípa tí a ó kọ sínú kọ̀ntírólà kò gbọdọ̀ dín sí ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ẹ bá fi í sí 1, bó ṣe yẹ fún SSR, ìyẹn swíìṣì tí kò ní ojú irin tí ń kan ara wọn, kọntákítọ̀ náà lè máa dún pàkà-pàkà bíi ìgbà 3600 ní wákàtí kan. Ojú rẹ̀ yóò jó, yóò lẹ̀ pọ̀, iná kò sì ní kú mọ́ bí kọ̀ntírólà tilẹ̀ ń pàṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ yẹn nìkan ló kù lọ́jọ́ náà.

Lórí PID, ìyẹn ìṣírò tí kọ̀ntírólà fi ń pinnu iye iná tí yóò tì sí ìléru, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé autotune, níbi tí kọ̀ntírólà ti ń wá nọ́ńbà ìṣírò náà fúnra rẹ̀, máa ń ṣe é dáadáa bí a bá lò ó níbi tó yẹ. Kí fáànù máa yí, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹrù tó sún mọ́ ti ojoojúmọ́ wà nínú rẹ̀, kí ìgbóná sì wà nítòsí ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe autotune ní 200°C tó wá ń ṣiṣẹ́ ní 920°C ti fún kọ̀ntírólà ní ẹ̀kọ́ tí kò wúlò, nítorí bí ìléru ṣe ń gba ooru àti bó ṣe ń sọ ọ́ nù ní ibi méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ wá jẹ́ ká kọ ètò náà.

Ìpele kìíní kò ní iná nínú. Fífọ afẹ́fẹ́ kúrò ni. Ọ́síjìn àti gáàsì tó lè jó kò gbọdọ̀ pàdé nínú ìléru. Òfin tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé ni pé kí náítírójìn tó ìlọ́po 5 àyè inú ìléru kọjá kí a tó mú gáàsì jíjó wọlé. Fún lítà 360, èyí jẹ́ lítà 1800. Bí ìṣàn bá jẹ́ lítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gba ìṣẹ́jú 30. Kí ló dé tó jẹ́ 5, tí kì í ṣe 3? Náítírójìn tó ń wọlé ń dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ni, kì í tì í jáde bí omi ṣe ń ti epo. Lẹ́yìn ìlọ́po 3, ọ́síjìn tó 1% ṣì kù; lẹ́yìn 5, ó ku nǹkan bíi 0.14% péré. Ibí ni aago ti kọ́kọ́ ń tan wá jẹ. Bí a bá kọ "ìṣẹ́jú 30" sínú ètò, tí sìlíńdà sì tán ní ìṣẹ́jú 10, aago yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ láìsí náítírójìn. Ẹ fi swíìṣì ìṣàn sí ojú páìpù, kí aago ìpele yìí máa ka kìkì ìgbà tí ìṣàn bá tó lítà 60, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo bí ìṣàn bá já.

Ìpele kejì ń gbé ìgbóná lọ sí 650°C ní 300°C láàrin wákàtí kan, kó dúró níbẹ̀ kí ẹrù lè bá ìléru dọ́gba. Ìkẹta ń gbé e dé 850°C. Níbi méjèèjì, ẹ ṣí ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ntírólà ń pè ní holdback. Bí ìgbóná gidi bá jìnnà sí èyí tí ètò ń béèrè ju 10 dígírì lọ, aago yóò dúró dè é. Láìsí èyí, bí wáyà iná kan bá ti jó, tí ìléru ń fi ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, ètò yóò ti dé 850°C lórí ìwé, ẹrù yóò ṣì wà ní 700°C, èyí tó sì kàn nínú ètò ni mẹ́tánọ́ọ̀lù.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ omi tí ń pín sí CO (kábọ́ọ̀nù mọ́nóksáìdì, gáàsì olóró) àti háídírójìn bó bá kan ooru, àwọn gáàsì méjèèjì sì ń jó. Bí inú ìléru bá ti ju 760°C lọ, èyíkéyìí tó bá pàdé afẹ́fẹ́ yóò jó lójú ẹsẹ̀. Kò ní kó jọ kó tó bú gbàù. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó lè kó jọ. Nítorí náà, fáàfù mẹ́tánọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ètò nìkan. Ẹ so ó mọ́ rìléè, swíìṣì tí iná ń tì tó sì ń ṣí, tó ní tẹmokọ́pù tirẹ̀, tí kò ní jẹ́ kó ṣí bí ìgbóná bá wà nísàlẹ̀ 780°C, ohun yòówù kí ètò wí. Inú ètò fúnra rẹ̀, 850°C la kọ, torí pé ibi tí ooru kò bá tó, mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í pín tán; omi, CO₂ àti èérí dúdú ló ń kù sílẹ̀.

Lítà mẹ́tánọ́ọ̀lù kan ń fún wa ní nǹkan bíi kúbíìkì mítà 1.66 gáàsì. A fẹ́ kí àpapọ̀ gáàsì jẹ́ kúbíìkì mítà 1.8 ní wákàtí kan, ìyẹn ìlọ́po 5 àyè inú ìléru. Kí 60% rẹ̀ ti ara mẹ́tánọ́ọ̀lù wá: lítà 0.65 ní wákàtí kan. Kí 40% jẹ́ náítírójìn: lítà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Àdàlù yìí yóò ní CO tó 20%, háídírójìn tó 40%. Ẹ fi nọ́ńbà 20% yẹn sọ́kàn, nítorí kọ̀ntírólà yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Kọ̀ntírólà kejì, ti kábọ́ọ̀nù, ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọ̀pá ọ́síjìn tí a fi síkóníà, irú sèrámíìkì kan, ṣe. Afẹ́fẹ́ mímọ́ wà ní ìhà kan rẹ̀, gáàsì ìléru wà ní ìhà kejì, ìyàtọ̀ ọ́síjìn àárín wọn ló sì ń mú mílífóòtì wá. Nínú iṣẹ́ irú èyí, nítòsí 920°C, nọ́ńbà tí ẹ ó máa rí wà láàrin mílífóòtì 1100 sí 1150. Àlàfo kékeré ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀: mílífóòtì 10 péré lè yí kábọ́ọ̀nù padà ní nǹkan bíi 0.1%. Ìdí nìyẹn tí wáyà ọ̀pá yìí kò fi gbọdọ̀ bá wáyà iná ńlá rìn nínú páìpù kan náà. Kọ̀ntírólà ń fi mílífóòtì, ìgbóná àti nọ́ńbà CO ṣírò kábọ́ọ̀nù. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù tí CO bọ́ sí 15%, tí nọ́ńbà inú kọ̀ntírólà ṣì ń wí pé 20%, ìṣírò yóò dára lójú, jíà yóò sì jáde láìle tó.

Ohun tí ń ba ọ̀pá yìí jẹ́ jù ni afẹ́fẹ́ ìhà kìíní. Bí pọ́ǹpù kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bá kú, ọ́síjìn ibẹ̀ yóò dín, mílífóòtì yóò wálẹ̀, kọ̀ntírólà yóò sì rò pé kábọ́ọ̀nù ìléru ló dín. Yóò ṣí gáàsì ìdáná, èyí tí à ń lò láti fi kún kábọ́ọ̀nù, títí èérí yóò fi bo jíà àti bíríkì. Ẹni tó bá rí èérí, gáàsì ló sáábà máa ń fẹ̀sùn kàn. Ẹ kọ́kọ́ wo pọ́ǹpù kékeré yẹn. Nínú kọ̀ntírólà, ẹ fi òpin sí iye tí fáàfù gáàsì ìdáná lè ṣí. Nínú àpẹẹrẹ wa, kó má ju lítà 1.5 lọ ní ìṣẹ́jú kan bí ó tilẹ̀ bínú dé ibi tó bínú dé. Ọ̀pá náà sì ń fẹ́ kí a máa fi afẹ́fẹ́ jó èérí ara rẹ̀ kúrò lóòrèkóòrè, bíi ìṣẹ́jú kan sí ọ̀kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, irọ́ ni ọ̀pá ń pa. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò pé kí fáàfù gáàsì dúró níbi tó wà títí nọ́ńbà yóò fi padà sípò.

Láti dán gbogbo rẹ̀ wò, páálí irin tín-ín-rín tí kò nípọn ju mílímítà 0.1 lọ tó. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sínú ìléru fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tutù nínú páìpù ẹnu ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ tó kàn án, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá jẹ́ gíráàmù 1.0000 tẹ́lẹ̀, tó di 1.0075, èyí tó gbà jẹ́ 0.74%, ẹ fi kábọ́ọ̀nù 0.05% tó ní tẹ́lẹ̀ kún un, ó di 0.79%. Bí kọ̀ntírólà bá ń wí pé 0.95%, páálí irin ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ tún nọ́ńbà CO ṣe.

Ìpele tó kù rọrùn. Ní 920°C, wákàtí méjì ààbọ̀ ní kábọ́ọ̀nù 1.0% láti ti kábọ́ọ̀nù wọlé. Wákàtí kan ààbọ̀ ní 0.8% kó lè tàn kálẹ̀ sínú. Ẹni tó bá fo èkejì, ara jíà yóò kún jù, eyín yóò máa ṣán. Wákàtí mẹ́rin ń fúnni ní nǹkan bíi mílímítà 1.2; àmọ́ ẹ má rò pé wákàtí mẹ́jọ yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ìjìnlẹ̀ tó lè di ìlọ́po méjì, àkókò ní láti di ìlọ́po mẹ́rin: wákàtí 16. Lẹ́yìn náà, ìgbóná yóò wálẹ̀ sí 845°C, ẹrù yóò dúró níbẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mẹ́tánọ́ọ̀lù àti gáàsì ìdáná yóò kú nígbà tí ìléru ṣì ju 780°C lọ, náítírójìn yóò fọ inú rẹ̀ ní lítà 180 láàrin ìṣẹ́jú kan fún ìṣẹ́jú 10, ìgbà náà ni titiipa ilẹ̀kùn yóò tú. Epo tí a ó rì í sí, kó wà láàrin 60 sí 80°C.

Ẹ jẹ́ ká ka náítírójìn bí obìnrin ọlọ́jà ṣe ń ka owó. Ìfọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ kúbíìkì mítà 1.8. Wákàtí mẹ́ta tí ìléru fi ń gbóná jẹ́ 2.2. Wákàtí márùn-ún iṣẹ́ jẹ́ 3.6. Ìfọ̀ ìkẹyìn, 1.8. Èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, torí ìjàǹbá, 1.8 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.2. Sìlíńdà lítà 50 tó kún dé 200 bar kò ju bíi kúbíìkì mítà 10 lọ. Sìlíńdà kan kò tó, kí ẹnikẹ́ni má tan yín. Ẹ so méjì pọ̀, kí swíìṣì agbára gáàsì má sì jẹ́ kí ètò bẹ̀rẹ̀ bí èyí tó wà nílẹ̀ kò bá tó.

Ó wá ku NẸ́PÀ. Gbogbo ìwé tó bá kọ̀ǹtírólà wá láti òkè òkun ń sọ̀rọ̀ iná tó lọ bíi ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Níbí, ó yẹ kí a kọ ètò bí ẹni pé iná yóò lọ láàrin iṣẹ́, kó má lọ ló yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ti mẹ́tánọ́ọ̀lù àti ti gáàsì ìdáná, kí wọ́n jẹ́ irú èyí tí ń tì bí iná bá lọ. Fáàfù náítírójìn ti ìjàǹbá, kó jẹ́ irú èyí tí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ. Bí a bá ra irú kan náà fún gbogbo wọn torí pé wọ́n wà lórí tábìlì kan náà lọ́jà, ọjọ́ tí iná bá lọ ni a ó mọ iye tí a rà á. Ohun kejì ni ìbéèrè tí kọ̀ntírólà ń béèrè nípa ìgbà tí iná bá padà dé: ṣé kó máa bá ètò lọ, ṣé kó gun òkè padà láti ibi tí ìgbóná wà, àbí kó dúró? Kí ẹ má yan "máa bá a lọ" fún ìléru tó ní gáàsì jíjó. Ẹ yan "dúró". Bí ìgbóná bá ṣì ju 780°C lọ, òṣìṣẹ́ lè wo náítírójìn, kó wo iná ẹnu páìpù tí ń jó gáàsì tó ń jáde, kó wá tẹ̀ ẹ́ síwájú. Bó bá ti wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele kìíní ló kàn: ìlọ́po 5, láti òdo.

Àwọn kan a máa so kọ̀ntírólà mọ́ UPS, bátìrì tí ń gbé iná fún un bí iná bá lọ, wọ́n á sì rò pé àwọn ti bọ́. UPS dára fún ìrántí kọ̀ntírólà, ṣùgbọ́n ó tún ní ọ̀fìn tirẹ̀: ìléru ń tutù, fáànù ti dúró, kọ̀ntírólà kò mọ̀ pé iná lọ, aago rẹ̀ sì ń ka wákàtí méjì ààbọ̀ rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Holdback ni yóò dá a dúró. Ẹ tún fi rìléè kan sí ojú iná ńlá, kó máa sọ fún kọ̀ntírólà pé iná ti lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbé iná, kí fáànù kọ́kọ́ yí kí mẹ́tánọ́ọ̀lù tó padà.

Kí ìléru tuntun tó gba ẹrù, ẹ mú un gbóná pẹ̀lú náítírójìn nìkan, kí àgbá mẹ́tánọ́ọ̀lù àti sìlíńdà gáàsì ìdáná wà ní títì, kí ẹ sì já iná ńlá lulẹ̀ ní 920°C. Ẹ fetí sí fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ tẹmokọ́pù kan, ẹ wò ó bóyá iná kú. Ẹ dín náítírójìn kù, ẹ wò ó bóyá aago ìfọ̀ padà sí òdo. Kí ilé iṣẹ́ ní ojú afẹ́fẹ́ tó tó, kí ohun tí ń kígbe nítorí CO sì wà lára ògiri, torí pé CO kò ní òórùn.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká náítírójìn àti ọ̀pá ọ́síjìn lè lo àpótí irin: èédú igi líle tí a fọ́ sí wóró, pẹ̀lú sódíọ̀mù kábọ́nètì bíi ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àlàfo jíà sí jíà tó mílímítà 20, kí a fi amọ̀ dí ìdérí. Èédú yóò ṣe gáàsì fúnra rẹ̀, ìgbóná nìkan ló kù fún kọ̀ntírólà. Àmọ́ àpótí máa ń pẹ́ kó tó gbóná dé àárín, aago kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìléru dé 920°C. Bí kò bá sí tẹmokọ́pù tó gùn wọ inú àpótí, ẹ ki ọ̀pá irin kéékèèké mẹ́ta, irú irin kan náà pẹ̀lú jíà, gba ẹ̀gbẹ́ àpótí wọlé kí ẹ fi amọ̀ dí i. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ fa ọ̀kan yọ, ẹ rì í sínú omi, ẹ kán an. Ara tó ti gba kábọ́ọ̀nù yóò kúnná bí òrùka yí àárín ká. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì tó, ẹ ti ilẹ̀kùn padà, ó ṣì ku ọ̀pá méjì.